Ìdájọ́ Láìsí Olórí Àlùfáà

Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, gbogbo ọkùnrin ìlú Asmafeti ni í gun òrùlé rẹ̀ láti fi òkúta rìbìtì tẹ amọ̀ orí rẹ̀ kí ó le, kí omi má baà wọlé. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni Elasa ọmọ Ṣebna wà nígbà tí òkúta bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ó yí kọjá etí òrùlé, tí ó sì já lu Asuba ahunṣọ tí ń kọjá lọ ní ọ̀nà tóóró ìsàlẹ̀. Asuba kú lójú ẹsẹ̀. Elasa sọ̀ kalẹ̀, ó rí i, ó sì sá lọ sí Geba kí Hakalaya, àbúrò Asuba, tó ti oko dé.

Ìlú àwọn ọmọ Lefi ni Geba, ìlú ààbò sì ni. Ẹni tí ó bá pa ènìyàn, ì báà mọ̀ọ́mọ̀, ì báà ṣèèṣì, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sá sí, nítorí pé olùgbẹ̀san ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìbátan òkú, lè pa á níbikíbi tí ó bá ti bá a lẹ́yìn odi ìlú ààbò. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ìlú tirẹ̀ yóò ránṣẹ́ mú un wá láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa á, yóò kú. Bí ó bá jẹ́ èèṣì, wọn yóò dá a padà sí ìlú ààbò, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé títí olórí àlùfáà tí ó wà lórí oyè ní ọjọ́ ìdájọ́ rẹ̀ yóò fi kú. Lọ́jọ́ tí olórí àlùfáà náà bá kú, apànìyàn lè padà sílé, olùgbẹ̀san kò sì ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Lọ́dún tí Asuba kú, kò sí olórí àlùfáà. Èyí tí ó wà níbẹ̀ ti kú nígbà ìkórè ọkà bálì, ọba Giriki tí ń gbé ní Antioku sì ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ láti yan ẹni tí yóò rọ́pò. Ọba kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ètùtù dé, ó kọjá, kò sí ẹni tí ó wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ.

Ohun tí àwọn àgbà kọ́ àwọn ọmọ wọn lórí irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó lóye. Apànìyàn tí a bá parí ìdájọ́ rẹ̀ nígbà tí oyè ṣófo kò ní ẹni tí ikú rẹ̀ lè dá a sílẹ̀. Kò ní jáde láéláé. Kò lè jáde láti jẹ́rìí, kò lè jáde láti sin bàbá rẹ̀. Bí ó bá kú, ibẹ̀ ni wọn yóò sin ín sí. Bí oyè bá sì kún lọ́jọ́ kejì ìdájọ́ náà, kò ràn án lọ́wọ́: ọjọ́ ìdájọ́ ni Òfin ń wò.

Mahalati, ìyàwó Elasa, mọ èyí bí gbogbo ará ìlú ti mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀ padà wá láti Geba, tí wọ́n sì fi í sínú yàrá ẹnubodè pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ kí Hakalaya má baà débẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó ń ro: kí ìdájọ́ má parí kí ọba tó dárúkọ.

Ìrètí mìíràn wà kí ó tó di ìyẹn. Àwọn àgbà ya ìyàtọ̀ sáàárín ọwọ́ tí ń ti nǹkan lọ àti ọwọ́ tí ń fà á bọ̀. Ẹni tí ó ń ti òkúta síwájú tí ó fi bọ́, yóò lọ sí ìlú ààbò. Ẹni tí ó ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ilé rẹ̀ ni yóò lọ, olùgbẹ̀san kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mahalati gbé oúnjẹ lọ sí ẹnubodè, ó sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

“Sọ fún wọn pé ò ń fà á ni.”

“Mò ń tì í ni.”

“Ta ló rí ọ?”

“Èmi fúnra mi wà níbẹ̀, Mahalati.”

“Bàbá rẹ ò lè dá yí ara rẹ̀ padà lórí ẹní. Èmi ni mò ń yí i. Tó o bá lọ tí o ò padà, ta ni yóò sin ín? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní kó o sọ.”

Elasa gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó kí bàbá òun.

Ọ̀rọ̀ kan péré náà kì bá tilẹ̀ wúlò. Ọkùnrin méjì tí àwọn náà ń tẹ òrùlé tiwọn ní òdìkejì ọ̀nà dúró níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n bi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnìkínní kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹnìkejì ń sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu: Elasa ń ti òkúta náà síwájú, kò bojú wo ìsàlẹ̀, kò sì bá Asuba ní ìjà kankan tẹ́lẹ̀. Èèṣì ni. Ìlú ààbò ni. Kò sí ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe parí. Ọjọ́ tí yóò parí nìkan ni ó kù.

Olórí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ mẹ́tàlélógún náà ni Hasabaya. Arúgbó ni, ó gbẹ, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará ìlú a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ikú bá dé bá a, yóò ní kí ó lọ mú ẹlẹ́rìí méjì wá ná. Nígbà ayé rẹ̀ kò fi ẹjọ́ kankan falẹ̀ rí. Ó gbà pé ìdájọ́ tí a dá dúró láìnídìí jẹ́ ìrẹ́jẹ tí a fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ yìí, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì ti sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí wọ́n lọ wọn gíga etí òrùlé. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, ó ní kí wọ́n yẹ òkúta náà wò bóyá igi ọwọ́ tí a fi ń tì í ti jẹrà kí ó tó bọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní òun gbọ́ pé amọ̀kòkò kan wà lójú ọ̀nà náà lọ́jọ́ ọ̀hún, pé ó ti lọ ta ìkòkò ní Jeriko, àti pé ẹni tí ó lè jẹ́rìí tí a kò pè jẹ́ àbùkù fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Jeriko.

Kò sí èyí tí kò bófin mu nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ̀sùn kàn án, Hasabaya lè dáhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Joesa, onídàájọ́ tí ó kéré jù lọ lọ́jọ́ orí, ni ó kọ́kọ́ lóye ohun tí àgbà náà ń ṣe, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Hakalaya náà lóye. Ó dìde nínú àwọn tí ó wá gbọ́ ẹjọ́.

“Bàbá,” ni ó wí, “nígbà tí ẹ dájọ́ màlúù mi lọ́jọ́sí, n kò tíì jókòó dáadáa tí ẹ fi parí rẹ̀. Àbí màlúù ló ṣe pàtàkì ju ẹ̀gbọ́n mi lọ ni?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Hasabaya ní kí ó jókòó. Ó ní màlúù kò ní ẹlẹ́rìí ní Jeriko.

Mahalati kò lóye. Ohun tí ó rí ni pé ìgbìmọ̀ ń jókòó lójoojúmọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, pé wọ́n ń béèrè, wọ́n ń wọ̀n, wọ́n ń yẹ nǹkan wò, bí àwọn tí ó ń kánjú kí wọ́n lè parí iṣẹ́. Ó rò pé nígbà tí amọ̀kòkò bá dé ni wọn yóò dá a lẹ́bi. Nítorí náà ó lọ sí ilé Hasabaya ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì kan ilẹ̀kùn.

Onídàájọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan nínú àwọn tí ó ní ẹjọ́ bí ẹnìkejì kò bá sí níbẹ̀. Hasabaya kò ṣí ilẹ̀kùn.

“Ìyàwó Elasa,” ó wí láti inú ilé, “Hakalaya kò sí lọ́dọ̀ rẹ. Máa lọ.”

“Bàbá, n kò ní kí ẹ dá a láre. Kí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ ni. Díẹ̀ péré, títí ọba yóò fi dárúkọ.”

Hasabaya gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ì bá fi tù ú nínú, kò sì sọ ọ́, nítorí pé bí ó bá sọ ọ́, ohun tí ó ń ṣe kì í ṣe ìwádìí mọ́. Àdéhùn ni yóò dà láàárín òun àti ẹni tí ó ní ẹjọ́. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ó fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń lọ.

Ilẹ̀kùn tí kò ṣí ni Mahalati gbà gẹ́gẹ́ bí èsì. Ó bẹ obìnrin ìtòsí kan kí ó máa yí Ṣebna lórí ẹní, ó sì gba ọ̀nà Jerusalẹmu ní òwúrọ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà Tẹ́mpìlì. Ó bi àwọn olùṣọ́ bóyá wọ́n ti gbọ́ orúkọ kankan láti Antioku. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin sísanra tí ó jókòó sí òjìji ògiri, sọ fún un pé àwọn náà ń dúró. Ó ní aṣọ oyè wà nínú àpótí, pé kòkòrò ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ó ní ọba ń jagun ní ìlà-oòrùn, pé àwọn mẹ́ta ló ń du oyè náà, pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀bùn tó pọ̀ jù ni ọba yóò dárúkọ, nígbà tí ó bá padà, bí ó bá padà.

“Ṣé kò lè ju oṣù kan lọ?” ni ó béèrè.

“Ìyá, bí mo bá mọ̀ ọ́n, èmi ni ì bá máa ta oyè náà.”

Mahalati kò rẹ́rìn-ín. Ó gòkè lọ sí ilé odi tí àwọn ọmọ ogun ọba kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Tẹ́mpìlì, ibi tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kì í lọ bí a kò bá fi ipá mú wọn lọ.

Filota, ajẹ́lẹ̀ ọba, ń jẹun nígbà tí wọ́n mú un wọlé. Ògbufọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Juda dúró sáàárín wọn. Mahalati sọ gbogbo rẹ̀: òkúta, Asuba, Geba, oyè tí ó ṣófo. Ajẹ́lẹ̀ ní kí ó tún un sọ, nítorí pé kò gbà gbọ́ pé ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

“Kí ó tó lè padà sílé,” ni ó wí, “àlùfáà kan gbọ́dọ̀ kú?”

Ògbufọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kò sì sí àlùfáà. Nítorí náà, obìnrin yìí wá bẹ̀ mí kí n bá a wá ẹni tí yóò kú.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé oúnjẹ sílẹ̀. “Sọ fún un pé mo ti ṣe ajẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí lọ́wọ́ mi rí.”

Mahalati kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó rí ẹ̀rín náà, ó sì wólẹ̀. Ó ní ìdúró nìkan ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ajẹ́lẹ̀ sọ fún àwọn àgbà Asmafeti pé kí wọ́n dúró.

Filota kò nílò ìrònú púpọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kéékèèké ń dájọ́ láàárín ara wọn láti ìgbà àwọn baba wọn, wọn kì í béèrè lọ́wọ́ odi, odi kò sì rí ìdí láti dá sí i. Nísinsìnyí, ọ̀kan nínú wọn ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pe odi. Ó ní kí wọ́n sọ fún obìnrin náà pé ọba ń gbọ́ ẹkún àwọn obìnrin. Ó yan ọmọ ogun kan tí ó gbọ́ èdè Juda díẹ̀ pé kí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀nà, ọmọ ogun náà fún un ní ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Ó jẹ ẹ́. Kò tíì fi ẹnu kan oúnjẹ láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó ní ẹnubodè nígbà tí wọ́n dé. Elasa wà láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́. Hakalaya jókòó sí ibi tí ó máa ń jókòó sí. Ọmọ ogun náà kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ.

“Ajẹ́lẹ̀ wí pé: ẹ kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ Elasa. Ẹ dúró títí ọba yóò fi sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ jẹ́ ti ọba, ọba ló fi yá yín. Ẹni tí ó bá dá a, yóò rí ajẹ́lẹ̀.”

Hasabaya béèrè ẹni tí ó lọ sí odi.

“Èmi ni, Bàbá,” ni Mahalati wí. Ara rẹ̀ yá. Ó rò pé ó ti borí.

Hasabaya wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì ní kí àwọn onídàájọ́ bá òun wọ yàrá inú.

Yàrá náà kéré fún ènìyàn mẹ́tàlélógún. Púpọ̀ nínú wọn dúró. Hasabaya ní kí wọ́n dìbò. Joesa ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, amọ̀kòkò kò tíì ti Jeriko dé.

“A kò ní dúró dè é mọ́,” ni Hasabaya wí.

“Bàbá, lánàá ẹ ní àbùkù ni fún ìgbìmọ̀ bí a kò bá pè é.”

“Lánàá, ẹlẹ́rìí ni à ń dúró dè. Bí a bá dúró lónìí, Filota ni à ń dúró dè.”

“Ìdúró kan náà ni.”

“Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí mò ń ṣe lánàá, inú Òfin ni mo ti rí ààyè fún un. Bí mo bá ṣe é lónìí, ìgbọràn ni. Kò sí ẹni tí ó wà ní ìta yẹn tí yóò pè é ní orúkọ mìíràn. Hakalaya yóò pè é ní ìgbọràn. Ọmọ ogun yẹn yóò padà lọ sọ fún olúwa rẹ̀ pé a gbọ́.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí ni ó burú nínú kí ènìyàn gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan, pàápàá nígbà tí ohun tí wọ́n pa láṣẹ kò lòdì sí ohun tí àwọn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ogun wà ní odi. Ó ní òun ní ọmọbìnrin nílé.

Hasabaya kò bínú sí i. Ó ní, “Ẹni tí ó bá lè sọ fún wa pé kí a má dájọ́ lórí ẹni tí ẹ̀rí dúró lórí rẹ̀, lọ́la ni yóò sọ fún wa pé kí a dájọ́ lórí ẹni tí kò ní ẹlẹ́rìí. Kí ni a ó wá sọ fún un? Pé ti àná dára, pé ti òní kò dára? Ọba fúnra rẹ̀ ni Òfin wà lórí rẹ̀. Bí àwọn tí ó jókòó níbí kò bá gba èyí gbọ́, kí a túká, kí obìnrin yẹn máa kó ẹjọ́ gbogbo wa lọ sí odi.”

“Ọkùnrin kan ni yóò fi ayé rẹ̀ san án,” ni Joesa wí. “Obìnrin náà ò mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe fún un, Bàbá.”

“Èmi kò ṣe nǹkan kan fún un.”

“Ẹ ṣe é. Èmi rí yín.”

Hasabaya rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ààyè kan wà, mo sì dúró nínú rẹ̀. Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìwọ lo kéré jù, Joesa. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dìbò, láti orí ọmọdé lọ sí orí àgbà, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà tẹ orí ọmọdé ba. Joesa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní kí a dúró, àwọn tí ẹ̀rù ń bà yóò tẹ̀ lé òun, wọn yóò sì pọ̀ tó. Elasa yóò rí ìdúró rẹ̀ gbà. Ẹ̀rù àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni yóò fi rí i gbà, kì í ṣe Òfin, wọn yóò sì padà síta gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ odi. Ó gbìyànjú láti rí ìdáhùn tí yóò fún ọkùnrin náà ní ìdúró tí kò sì ní fún Filota ní ìgbìmọ̀ náà. Ó wá a, kò rí i.

“Ìlú ààbò,” ni ó wí.

Mẹ́ta nínú wọn ní kí a dúró. Àwọn yòókù sọ ohun tí Joesa sọ.

Wọ́n jáde. Hasabaya kéde rẹ̀ lórí ìdúró: èèṣì ni, Elasa kò jẹ̀bi ikú, kí ó lọ sí Geba kí ó sì máa gbé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Òfin. Kò dárúkọ olórí àlùfáà kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ó ti parí.

Mahalati kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ìdájọ́ ni. Ó wo ọmọ ogun náà bí ẹni tí ó ń dúró kí ó ṣe nǹkan. Nígbà tí ó lóye, ó rìn lọ síwájú ìjókòó àwọn onídàájọ́.

“Bàbá, ìdúró nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún.”

“Mo mọ̀,” ni Hasabaya wí. “Ẹni tí kò ni ín lo bẹ̀.”

Ọmọ ogun náà fi ìdí ọ̀kọ̀ gbá Hasabaya ní ẹ̀gbẹ́ orí. Arúgbó náà ṣubú, ó sì gbìyànjú láti dìde. Ọmọ ogun náà dè é lọ́wọ́. Kí wọ́n tó mú un lọ sí Jerusalẹmu, Hasabaya dárúkọ Joesa àti ẹnìkan mìíràn pé àwọn ni yóò sin Elasa dé Geba, nítorí pé apànìyàn kò gbọdọ̀ dá rin ọ̀nà náà. Ó gbọ́dọ̀ ní ọkùnrin méjì tí ó mọ̀wé, tí yóò lè fi ọ̀rọ̀ dá olùgbẹ̀san dúró. Wọ́n nà án ní odi. Ìgbà òtútù ni ó tó padà, etí rẹ̀ kan kò sì gbọ́ràn mọ́. Ó jókòó sí ìjókòó rẹ̀ ní ẹnubodè, ó ní kí wọ́n pe ẹjọ́ tí ó kàn.

Ọ̀nà Geba kò jìn. Elasa ń rìn láàárín àwọn méjì náà, Mahalati ń tẹ̀ lé wọn. Hakalaya ti ṣáájú wọn. Ó jókòó lórí òkúta kan ní ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, ọ̀bẹ sì wà nínú àmùrè rẹ̀. Joesa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí a máa ń sọ: pé kí ó má ṣe sí ọkùnrin yìí bí a ti ń ṣe sí àwọn tí ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pé èèṣì ni ó ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Joesa,” ni Hakalaya wí. Kò dìde. “Bó bá jẹ́ pé ó máa padà ni, ǹ bá dìde sí i. Kò ní padà mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?” Ó kọjú sí Mahalati. “Ìyàwó Elasa, o ṣeun. Mo rò pé bàbá arúgbó yẹn fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Ìwọ lo gbà mí.”

Wọ́n kọjá lára rẹ̀. Wọ́n rìn díẹ̀ kí Mahalati tó béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Joesa sọ fún un. Ó sọ nípa òrùlé tí wọ́n wọ̀n, nípa ọwọ́ òkúta, nípa amọ̀kòkò. Ó ní lẹ́yìn amọ̀kòkò, Hasabaya ì bá rí ẹlòmíràn.

“Mo lọ sílé rẹ̀,” ni Mahalati wí. “Mo kan ilẹ̀kùn.”

“Kò lè ṣí i fún yín, Ìyá.”

“Ta ló yẹ kó sọ fún mi, nígbà náà?”

Joesa ní kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó sáré dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Elasa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí ó máa padà lọ, pé obìnrin ìtòsí yẹn kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń yí bàbá òun kí egbò ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dùn ún. Mahalati dúró. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà.

Àwọn àgbà Geba ń dúró ní ẹnubodè wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilé rere ni, wọ́n fẹ́ fún un ní ìjókòó láàárín wọn. Elasa sọ ohun tí Òfin ní kí ó sọ.

“Apànìyàn ni mí.”

“Síbẹ̀,” ni wọ́n dáhùn, “jókòó.”

Ó jókòó.

Ọba dárúkọ kí ìgbà òtútù tó parí. Ṣebna kú nígbà kan náà. Láti orí odi Geba, Elasa rí àwọn tí ń gbé pósí bàbá rẹ̀ jáde láti Asmafeti, ó rí bí wọ́n ti kéré níye tó. Mahalati ló ṣáájú, ní ipò tí ọmọ máa ń wà. Lẹ́yìn ọjọ́ ọ̀fọ̀, ó ti ilé pa, ó sì wá gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú yàrá kan tí àwọn ọmọ Lefi fún wọn. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí ji òun. Elasa náà kò sì mẹ́nu bà á. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa omi, nípa igi ìdáná.

Apànìyàn mìíràn dé sí yàrá kejì ní ìgbà ìrúwé, agégi kan tí irin àáké rẹ̀ yọ kúrò nínú èèkù, tí ó sì pa ẹni tí ó wà nítòsí. Wọ́n ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tí oyè kún. Kò pẹ́ tí ó dé ni ìránṣẹ́bìnrin kan fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé ẹrù wọ Geba: búrẹ́dì, àkàrà ọ̀pọ̀tọ́, aṣọ òwú. Ìyá olórí àlùfáà tuntun ló rán an. Àwọn ìyá olórí àlùfáà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé, kí àwọn apànìyàn lè yó, kí wọ́n sì lè móoru, kí wọ́n má baà máa gbàdúrà kí ọmọ wọn kú.

Ìránṣẹ́bìnrin náà gbé ti Elasa síwájú ilẹ̀kùn. Mahalati jáde sí i.

“Ẹ gbé e padà. Kì í ṣe ikú ọmọ rẹ̀ là ń dúró dè.”

“Màmá ní kí n fún gbogbo apànìyàn.”

“Bó kú, ibí la máa wà. Bí kò bá kú, ibí náà ni.”

Ọmọbìnrin náà wo ẹrù náà, ó wo Mahalati. “Ṣé kí n wá sọ fún Màmá pé ẹ̀ ń gbàdúrà fún un?”

Elasa dìde láti inú yàrá. Ó tẹ̀ba, ó gbé búrẹ́dì náà, ó sì fún ìyàwó rẹ̀ ní ìdajì. Ó ní ebi ń pa wọ́n.

Agégi náà ti ń jẹ tirẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn kejì. Ó béèrè lọ́wọ́ ìránṣẹ́bìnrin náà bí olórí àlùfáà yìí ti dàgbà tó.

“Kò tíì dàgbà,” ni ó dáhùn. “Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún ni.”

Agégi náà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Elasa wò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì jẹ tirẹ̀ tán.